Oògùn Ìdènà Tí A Ń Lò Títí Ọjọ́ Ayé: Kí Ni Ó Tọ́ Kí A Máa Retí?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú àwọn òǹkàwé wa ní oṣù yìí kì í ṣe ti àwọn oníṣègùn nìkan. Ó ṣòro nísinsìnyí láti rí agbo ilé kan, ìbáà ṣe ní ìlú ńlá tàbí ní ìletò, tí kò ní àgbàlagbà kan tí a ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí a sì ti fún ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò ní òròòwúrọ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò sí ohun kan tí ń dùn ún. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń lọ sí oko, ó ń ná ọjà, ohùn rẹ̀ sì ń ròkè nínú orin ní ọjọ́ Ìsinmi. Síbẹ̀ a ní kí ó máa lo oògùn, kì í ṣe nítorí ohun tí ó ń ṣe é lónìí, bí kò ṣe nítorí ohun tí ó lè ṣe é ní ọjọ́ iwájú. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbé hóró oògùn sí ẹnu, kí ni ó rò pé òun ń gbà? Bí ohun tí ó ń retí bá sì pọ̀ ju ohun tí oògùn náà lè ṣe lọ, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ó mọ̀ dákẹ́, nítorí pé ìdákẹ́ náà ni yóò mú kí ó máa lo oògùn rẹ̀?

Ìbéèrè kejì yìí ni ó le jù, a ó sì padà sí i. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ìrètí náà ti ń wá.

Nínú èdè wa, iṣẹ́ méjì ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ oògùn. Èkíní ni ìwòsàn: àrùn dé, a lo oògùn, àrùn lọ, a sì fi oògùn sílẹ̀. Èkejì ni ààbò, irú èyí tí àwọn baba wa ń wá nínú àjẹsára, nínú mádàríkàn àti nínú òkígbẹ́. A kò mú wọn wá síhìn-ín láti yìn wọ́n. Ohun tí ènìyàn ń retí lọ́wọ́ wọn ni a fẹ́ kí a kíyè sí. Ẹni tí ó ní òkígbẹ́ kò retí pé àdá yóò wọ òun lára lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́wàá. Bí àdá bá wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó ní òkígbẹ́ náà kò jẹ́ mọ́, tàbí pé ẹni tí ó ní in ti jẹ èèwọ̀ rẹ̀. Hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí nínú méjèèjì yìí. Kò wo àrùn náà tán, nítorí bí a bá fi í sílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ yóò tún ru. Kò sì mọ odi yí ènìyàn ká. Ohun tí ó ń ṣe ni pé, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ó ń lò ó, ó ń dín iye àwọn tí ibi yóò dé bá kù. Èdè wa kò tí ì ní orúkọ kan tí ó ya irú oògùn báyìí sọ́tọ̀, nítorí náà ẹni tí a fún ní a máa fi í sí abẹ́ ọ̀kan nínú méjì tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé oògùn ìdènà tí ó ti ọwọ́ dókítà wá jẹ́ àjèjì sí wa. Àwọn tí ó mọ ìtàn Ìjọ ní ilẹ̀ yìí yóò rántí ìrìn àjò ọdún 1841, nígbà tí ọkọ̀ mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gòkè lọ nínú Odò Ọya, tí Samuel Àjàyí Crowther sì wà nínú àwọn tí ó lọ, kí a tó fi í joyè àlùfáà. Nínú nǹkan bí 145 òyìnbó tí ó bá ìrìn àjò náà lọ, ibà pa àwọn tí ó lé ní 40. Ní 1854, ọkọ̀ mìíràn tí a ń pè ní Pleiad gba ojú odò kan náà lọ, ó sì wọ inú Odò Bẹ́núè. Dókítà William Balfour Baikie ni olórí rẹ̀, Crowther, tí ó ti di àlùfáà nígbà náà, sì tún wà níbẹ̀. Baikie pàṣẹ pé kí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ máa lo kuníìnì lójoojúmọ́, kí wọ́n má ṣe dúró de ibà. Òyìnbó 12 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n lo ọjọ́ 118 lórí odò, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tí ó kú. Crowther kọ ìwé ìrìn àjò náà, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1855.

Ojú lásán rí èrè irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ewu tí ó dènà rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ ìṣirò pàápàá lè ka àwọn tí ó yè. Ọjọ́ rẹ̀ kò sì gùn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti padà sójú òkun, ẹni tí ó ń lọ sí ilé rẹ̀ ní ìlú òtútù lè ju kuníìnì nù. Irú ojú yìí ni a sì fi ń wo gbogbo oògùn ìdènà tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, títí kan Daraprim, tí àwọn ènìyàn ń pè ní oògùn Sọ́ńdè-Sọ́ńdè nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń lò ó.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1985, Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìṣègùn ti Ìlú Ọba tẹ àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde lórí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò le púpọ̀. Ènìyàn 17,354, ọkùnrin àti obìnrin, láti ẹni ọdún 35 títí dé 64, ni a pín sí ọ̀nà méjì bí ẹni ń ṣẹ́ kèké. A fún apá kan ní oògùn gidi. A fún apá kejì ní hóró tí kò ní oògùn nínú, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí ó kàn wọ́n. A sì ṣọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún márùn-ún àbọ̀. Nínú àwọn tí kò gba oògùn gidi, àrùn rọpárọsẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ẹ̀gbà, kọlu 109. Nínú àwọn tí ó gbà á, ó kọlu 60. Ní ti ikú, 253 kú ní apá tí kò gba oògùn, 248 sì kú ní apá tí ó gbà á. Ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti lè ròyìn àbájáde yìí fún ìyá àgbà kan. Dókítà kan lè wí pé: “Ìyá, oògùn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dín rọpárọsẹ̀ kù sí ìdajì.” Òtítọ́ ni ó sọ, nítorí 60 súnmọ́ ìdajì 109. Dókítà mìíràn lè wí pé: “Ìyá, bí a bá fún 850 ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ wọn rí bí tiyín ní oògùn yìí fún ọdún kan gbáko, nǹkan bí ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ nítorí rẹ̀.” Òtítọ́ ni òun náà sọ, àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà gan-an ni ó ṣe ìṣirò yìí. Ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì kà. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó gbọ́ ti èkíní yóò fi ìdùnnú gba oògùn rẹ̀, kò sì ní béèrè bí ewu náà ti tóbi tó kí a tó pín in sí méjì. Èyí tí ó gbọ́ ti èkejì lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan owó tí ó so mọ́ etí ìró rẹ̀, kí ó sì máa rò ó bóyá kí òun tú u tàbí kí òun má tú u.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa rú wa lójú, ẹ jẹ́ kí a kà á bí ẹni ń ka orí. Ẹ mú 1,000 irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá lo oògùn, rọpárọsẹ̀ yóò kọlu nǹkan bí 13 nínú wọn kí ọdún márùn-ún àbọ̀ tó pé. Bí gbogbo wọn bá lò ó, nǹkan bí 7 ni yóò kọlù. Nítorí náà, 987 ni kò ní rí rọpárọsẹ̀ ní gbogbo àkókò náà, bí wọn kò tilẹ̀ gbé hóró kan mì. 7 ni yóò rí i, bí wọ́n tilẹ̀ ń lò ó tọkàntọkàn. 6 ni ó jẹ èrè rẹ̀. Kò sì sí ọ̀nà tí a fi lè mọ àwọn 6 náà. Àwọn fúnra wọn kò mọ ara wọn. Ẹni tí ibà dá sí lórí Odò Ọya lè dúpẹ́ nítorí ó rí òkú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò dúpẹ́ fún rọpárọsẹ̀ tí kò dé?

Iye wo wá ni àwọn aláìsàn fúnra wọn ń retí? Àwọn dókítà kan ti béèrè. Ní Darlington, ìlú kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, P. N. Trewby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ wá 307 ènìyàn lẹ́nu wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọkàn. Àwọn kan ń lo oògùn ìdènà, ṣùgbọ́n àrùn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù wọ́n. Àrùn náà kò kọlu àwọn yòókù rí, wọn kò sì lo oògùn kankan fún un. A ní kí wọ́n rò ó pé a fẹ́ fún wọn ní oògùn kan tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, kí wọ́n sì sọ bí èrè rẹ̀ ti gbọdọ̀ pọ̀ tó kí wọ́n tó gbà láti máa lò ó. Bí a bá to ìdáhùn wọn láti orí èyí tí ó kéré jù dé orí èyí tí ó tóbi jù, èyí tí ó bọ́ sí àárín nínú ẹgbẹ́ kìíní àti ẹgbẹ́ kejì ni pé kí ó ṣe ènìyàn 20 ní àǹfààní nínú 100. Láàárín àwọn tí ara wọn le, 30 nínú 100 ni. Àwọn tí yóò gba oògùn tí èrè rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100 ní ọdún márùn-ún, tàbí tí ó kéré sí bẹ́ẹ̀, kò ju 27 lọ nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn.

Kí a fi èyí wé ohun tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ní 1994 ni a tẹ àbájáde ìwádìí olókìkí kan jáde láti Dẹ́ńmáàkì, Finland, Iceland, Nọ́wè àti Swídìn, lórí oògùn tí a ń pè ní simvastatin. Ènìyàn 4,444 ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀, 256 ti kú nínú àwọn tí kò gba oògùn gidi, 182 sì ti kú nínú àwọn tí ó gbà á. Èyí ni 12 nínú 100 àti 8 nínú 100. Inú àwọn oníṣègùn dùn sí i, ó sì tọ́ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ka èrè náà lórí, ẹ̀mí 4 ni nínú 100, láàárín àwọn tí ewu wọn ga. Àwọn ará Darlington fẹ́ 20.

Ohun mìíràn wà tí wọ́n sọ níbẹ̀. Ènìyàn 80 nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ni ó fẹ́ kí a sọ iye èrè náà fún wọn ní ònkà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Nítorí náà kì í ṣe pé aláìsàn kò fẹ́ mọ̀. Ó fẹ́ mọ̀. Bí ó bá sì mọ̀, ó lè kọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti há dókítà mọ́ra.

Àwọn kan wà, ènìyàn rere sì ni wọ́n, tí wọ́n ń wí pé kí dókítà pa ònkà náà mọ́ sínú. Wọ́n ní bí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn bá ń lo oògùn wọn, èrè kékeré tí ó wà lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò di ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí; bí a bá sì fi ònkà lé wọn sẹ́yìn, àwọn tí ìbá yè yóò kú. Geoffrey Rose, oníṣègùn ará Ìlú Ọba, ti ṣe àlàyé apá kan ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ní 1981 àti ní 1985: ohun tí ó ń ṣe odidi ìlú ní àǹfààní ńlá lè má ṣe ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú ìlú náà ní àǹfààní tí ó tó wò. Wọ́n tún lè fi àṣà wa gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Yorùbá kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán lójú kan. A kì í sáré túfọ̀ fún ẹni tí ó wà lórí àìsàn. Ìyá a sì máa tan ọmọ kí ó lè mu àgbo.

A ti gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò, a kò sì lè gbà á. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Àgbà ni, ó ti tọ́ ọmọ, ó ti parí ìjà láàárín àwọn ará ilé rẹ̀. Ìyá tí ó tan ọmọ mu àgbo ni ó já ewé, òun ni ó sè é, òun ni yóò sì gbé ọmọ náà ní òru bí inú bá ń run ún. Ní ti hóró oògùn, ẹlòmíràn ni ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ara aláìsàn ni ó ń gbà á, àpò rẹ̀ ni owó sì ti ń jáde. Amlodipine a máa mú kí ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú. Lisinopril a máa fún àwọn kan ní ikọ́ gbígbẹ tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìwàásù parí. Èyí tí ń mú kí ènìyàn tọ̀ léraléra kò sì rọrùn fún ẹni tí ó wọ ọkọ̀ láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Èkó. Àwọn àgbà wí pé oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ni í gbé. Ṣùgbọ́n owó oṣooṣù títí ọjọ́ ikú kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n pa òwe náà. Ẹni tí ó ń ru gbogbo ẹrù yìí ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó ń rù ú fún.

Ìdí kan sì tún wà tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú wa. Ìdákẹ́ kò lè gbé ìrètí èké ró pẹ́. Ọkùnrin kan lo oògùn rẹ̀ fún oṣù méjì, ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, a ní ó ti wálẹ̀. Ó yọ̀, ó fi oògùn sílẹ̀, nítorí lójú rẹ̀ àrùn ti lọ. Obìnrin kan lò ó fún ọdún kan, kò rí ìyàtọ̀ kankan nínú ara rẹ̀, ó sì pinnu pé oògùn náà kò jẹ́. Àwọn méjèèjì yìí kò ṣe agídí. Ohun tí wọ́n gbọ́ nípa oògùn ni wọ́n tẹ̀lé.

Ẹ wo inú ọkọ̀ akérò pẹ̀lú. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ọkùnrin kan yóò dìde pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, yóò gbàdúrà fún awakọ̀ àti fún èrò, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun ń lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ pátápátá, ó ń lé jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń lé àtọ̀gbẹ, ó sì ń lé làkúrègbé. Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa wí pé àìmọ̀kan ni ó ń mú kí a ra á. Lójú tiwa kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan. Nígbà tí ilé-ìwòsàn kò ṣe àlàyé, aláìsàn di èrò rẹ̀ mú pé oògùn tí ó jẹ́ oògùn gbọdọ̀ lé àrùn lọ. Ti ilé-ìwòsàn kò lé e lọ. Ọlọ́kọ̀ ní tòun yóò lé e lọ. Ó nawọ́ gbà á. Àwọn tí ó ń bẹ̀rù pé òtítọ́ yóò lé aláìsàn sọ́dọ̀ elérú kò kíyè sí ọ̀nà tí ó ti gbà dé ibẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí ó lo oògùn rẹ̀ láìyẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tí rọpárọsẹ̀ sì kọlù ú síbẹ̀. Nínú ìwádìí tí a sọ lókè, 7 ni irú wọn nínú 1,000 láàárín ọdún márùn-ún àbọ̀. Ó jẹ́ ohun tí a mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ ṣáájú, àwọn ará ilé kò ní gbà pé ó lè ṣẹlẹ̀ lásán. Àwọn ọmọ yóò ní ìyá kò lo oògùn rẹ̀ bí ó ti yẹ, wọn yóò sì máa bá ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ wí. Tàbí wọn yóò ní ọwọ́ ayé ni, ojú yóò sì yí sí ìyàwó kékeré, tàbí sí arúgbó kan tí ó ń gbé ẹ̀yìnkùlé. Gbólóhùn kan tí a kò sọ ní ọjọ́ tí a kọ oògùn náà ni ó bí gbogbo ìjà yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ohun tí a kọ yìí da oògùn rẹ̀ nù. Ìṣirò 850 yẹn jẹ́ ti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò le, ọ̀rọ̀ sì yàtọ̀ gidigidi fún ẹni tí tirẹ̀ ga. Ní 1967, ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-ìwòsàn tí ń tọ́jú àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí 143 ọkùnrin tí ònkà ìsàlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà láti 115 dé 129. Nínú àwọn 70 tí kò gba oògùn gidi, ìjàǹbá ńlá dé bá 27. Nínú àwọn 73 tí ó gbà á, ó dé bá 2. Ní ìpíndọ́gba, kò tilẹ̀ tó ọdún méjì tí a fi ṣọ́ wọn. Èyí súnmọ́ ìtàn ọkọ̀ Pleiad ju ti ẹnìkan nínú 850 lọ. Ní ilẹ̀ wa, nínú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé ti Ìbàdàn, tí ó kú ní 2020, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ènìyàn nípa àrùn yìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni kì í mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru títí yóò fi ga tó bẹ́ẹ̀. Fún irú wọn, ònkà tí ó tọ́ kì í lé ènìyàn sẹ́yìn. Òun gan-an ni yóò mú kí ó sáré.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ayé. Ẹni ọdún 45 lè ní ọgbọ̀n ọdún níwájú, ewu sì ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i. Dókítà tí ó bá fi ònkà ọdún kan nìkan han aláìsàn kò sọ òtítọ́ náà pé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó wí pé “ìdajì” láìsọ ìdajì kí ni.

Bí ẹnìkan bá wá gbọ́ gbogbo èyí, tí ewu tirẹ̀ sì kéré, tí ó wí pé òun yóò kọ́kọ́ dín iyọ̀ kù, kí òun sì fi owó náà san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, a kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀, kò sì yẹ kí nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ewu náà bá tóbi, kò lè dá ọ̀rọ̀ náà pinnu bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni. Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ni í bà. Rọpárọsẹ̀ tí ó kọlu baba ni yóò mú kí ìyàwó pa ìsọ̀ tì láti máa yí i padà lórí ẹní, òun náà ni yóò sì mú kí ọmọbìnrin fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó padà wá sílé. Àwọn wọ̀nyí náà wà nínú ìṣirò, bí ìwé ìwádìí kò tilẹ̀ kà wọ́n.

Àwọn ọmọ tí ó ń fi owó oògùn ránṣẹ́ láti Èkó tàbí láti London ní ìrètí tiwọn pẹ̀lú. Nígbà mìíràn ìfọ̀kànbalẹ̀ ara wọn ni wọ́n ń rà, ìyá sì ń gbé oògùn mì kí ọmọ má bàa bínú lórí tẹlifóònù. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú wọn; ìfẹ́ ni. Síbẹ̀ bí dókítà bá ṣe àlàyé fún ọmọ tí ó sanwó, tí kò sì ṣe é fún ìyá tí ó ń lò ó, ó ti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nípa ara ìyá náà.

Àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé wa lè ṣe ìrànlọ́wọ́ kan níhìn-ín tí dókítà kì í ráyè ṣe, nítorí àwọn tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Ẹ ka 1,000 hóró àgbàdo sórí ẹní. Bí àwọn ọmọ ilé bá bá yín kà á, kò ní pẹ́. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà náà rí bí wọ́n ti pọ̀ tó. Ẹ fa 13 sọ́tọ̀ kí ó wò ó, lẹ́yìn náà kí ẹ dá 6 padà sínú àwọn yòókù, kí 7 ṣẹ́kù. Ẹ sọ fún un pé bí ó ti rí nìyí fún àwọn tí tiwọn kò le, láàárín ọdún márùn-ún àbọ̀. Nígbà tí ó bá tún ń lọ sí ilé-ìwòsàn, kí ó mú ìwé tí a kọ ònkà ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí dání, kí ó sì bi dókítà léèrè pé nínú ẹgbẹ̀rún irú òun, hóró mélòó ni kí a fà sọ́tọ̀, mélòó ni oògùn yóò dá padà, àti pé láàárín ọdún mélòó. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè náà. Bí kò bá mọ iye rẹ̀ dájú, yóò sọ bẹ́ẹ̀, yóò sì sọ èyí tí ó mọ̀.